Ilé obìnrin aládàáni tàbí họ́sítẹ́ẹ̀lì inú ọgbà? Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ níbi yíyàn

Ọmọbìnrin ti rí ìwé ìgbaniwọlé fásitì gbà, ó wá ku ọ̀rọ̀ ibi tí yóò máa gbé. Ẹbí á tẹ́ fọ́tò yàrá méjì síwájú, ọ̀kan láti họ́sítẹ́ẹ̀lì inú ọgbà, ọ̀kan láti ilé àdáni tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin, wọn á sì máa wo èyí tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ fẹ̀ jù. Ẹni tó ni ilé, ìwé tó fẹ́ kí ẹ tọwọ́ bọ̀, àti ẹni tí ọmọ yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ní agogo méjì òru, ìwọ̀nyí ni mo rí pé ó yẹ kí ẹ wò ṣáájú bẹ́ẹ̀dì.

Ẹ má sì rò pé gbogbo ilé àdáni ni ti oníṣòwò tó fẹ́ fa owó. Ìjọ ló ni òmíràn, ẹgbẹ́ aláàánú ló ni òmíràn. Ní Austin, ní Texas ní Amẹ́ríkà, ọdún 1922 ni wọ́n ṣí ilé obìnrin tí wọ́n ń pè ní Scottish Rite Dormitory, àwọn ẹgbẹ́ Mason, ẹgbẹ́ ọkùnrin tó máa ń ṣe iṣẹ́ àánú, ló sì kọ́ ọ. Ẹ béèrè ẹni tó ni ín, ẹni tó ń ṣàkóso rẹ̀, àti iye ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Fífi iye owó wéra láì tú u palẹ̀

Owó tí fásitì bá kọ síwájú yàrá sábà máa ń jẹ́ ti ọdún ẹ̀kọ́, bí oṣù 9, iná, omi àti íntánẹ́ẹ̀tì sì lè ti wà nínú rẹ̀. Ilé àdáni lè kọ owó oṣù kan síta, kí ó dà bí ẹni pé ó dínwó, kí ìwé àdéhùn sì jẹ́ ti oṣù 12. Oṣù mẹ́ta tí ọmọ yóò fi wà lọ́dọ̀ òbí rẹ̀, ẹ ó ṣì máa sanwó rẹ̀. Ẹ wá fi iná, íntánẹ́ẹ̀tì, owó ìdógò àti owó ìforúkọsílẹ̀ tí wọn kì í dá padà kún un.

Ẹ̀tàn wà lódì kejì náà. Àwọn ilé obìnrin kan máa ń fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní oúnjẹ, wọ́n sì ń bá wọn gbálẹ̀. Bí ẹ bá fi owó wọn wé ti yàrá ọgbà lásán, ẹ ó ní ó ti wọ́n jù, láì rántí pé fásitì lè gba owó oúnjẹ lọ́tọ̀, kí ó tilẹ̀ sọ ọ́ di dandan. Ẹ kọ gbogbo owó tí yóò jáde láti ọjọ́ àkọ́kọ́ títí dé ọjọ́ ìkẹyìn sórí bébà, ti ilé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí ẹ pín in sí iye ọ̀sẹ̀ tí ọmọ yóò sùn níbẹ̀ ní ti gidi. Ibẹ̀ ni àṣírí ti ń tú.

Ọ̀rọ̀ ìsinmi náà ńkọ́? Họ́sítẹ́ẹ̀lì ọgbà mìíràn máa ń tìlẹ̀kùn bí sáà bá parí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti ọ̀nà jíjìn wá yóò wá ibi tí yóò forí pamọ́ sí. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àdéhùn oṣù 12 tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bú yìí lè wá jẹ́ òun gan-an ló dára jù.

Gbígbà pé ilé obìnrin ni ilé ààbò

Àṣìṣe yìí ni àwọn òbí fẹ́ràn jù. Pé ọkùnrin kankan kò gbé inú ilé kò ní kí ọkùnrin má ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Onílé, ẹni tó ń tún páìpù ṣe, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà: ta ni nínú wọn tó lè ṣí yàrá ọmọ yín, ṣé ó sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún un? Bí kọ́kọ́rọ́ bá sọnù, ṣé wọ́n máa ń pààrọ̀ àgádágodo, àbí wọ́n kàn ń gé òmíràn? Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ńkọ́, ta ló ń tì í? Bí alámòójútó bá ń fi ẹ̀rín dáhùn irú ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ gbéra níbẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀nà. Ìrìn ìṣẹ́jú 15 tó dùn lọ́sàn-án, ohun mìíràn ni lóru, nígbà tí láíbìrì bá tì. Ẹ̀ṣọ́ fásitì sábà máa ń dúró sí ibi tí ọgbà parí sí.

Olè ni gbogbo ènìyàn ń bẹ̀rù, wọ́n ń gbàgbé iná. Irin tí wọ́n fi dí ojú fèrèsé kí olè má baà wọlé lè jẹ́ kí ẹni tó wà nínú ilé má ríbi jáde. Ẹ wò ó bóyá ó ṣeé ṣí láti inú, bóyá ọ̀nà àbájáde ju ẹyọ kan lọ, bóyá ẹ̀rọ tó ń dún bí èéfín bá rú wà nínú yàrá.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò fiyè sí. Ní Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ń pè ní Clery Act, tó ti wà láti 1990, ló mú kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń gba owó ìrànwọ́ ìjọba àpapọ̀ máa tẹ ìròyìn ìwà ọ̀daràn tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà wọn jáde lọ́dọọdún. Èyí tó bá ní họ́sítẹ́ẹ̀lì nínú ọgbà gbọ́dọ̀ ròyìn iná tó jó níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé àdáni tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní àkóso lórí rẹ̀ kì í sábà sí nínú ìròyìn yẹn. Pé ẹ kò rí orúkọ ilé kan níbẹ̀ kò wá sọ pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ rí.

Títọwọ́ bọ ìwé tí a kò kà

Bí àìsàn bá mú kí ọmọ dá ẹ̀kọ́ dúró, tàbí tí ó bá rí ààyè ní fásitì mìíràn láàárín ọdún, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ilé? Fásitì sábà máa ń ní ìlànà tí ẹni tó ti kúrò níléèwé yóò fi jáde nínú àdéhùn ilé, bí kò tilẹ̀ gba gbogbo owó rẹ̀ padà. Ti onílé àdáni kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé tí ẹ tọwọ́ bọ̀ ló mọ̀, ó sì lè ní kí ẹ máa sanwó lọ títí ẹ ó fi rí ẹni tí yóò rọ́pò ọmọ yín. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni san owó ìdógò kí ìgbaniwọlé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, bó ti wù kí wọ́n pariwo pé yàrá ti fẹ́ tán tó.

Bí àwọn mẹ́rin bá tọwọ́ bọ ìwé kan ṣoṣo, ẹ wò ó dáadáa. Bí ọ̀kan bá sá lọ, onílé lè gba ìpín tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta tó kù. Ìwé tí kálukú ní tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló sàn. Òbí tó bá sì fẹ́ ṣe onídùúró, kí ó rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti ọmọ òun nìkan ni òun dúró fún. Ìlérí tí alámòójútó bá fẹnu ṣe nípa kíkùn ara ògiri tàbí pípààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé.

Kíkọ yàrá ọgbà sílẹ̀ láì béèrè

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tó jẹ́ pé inú ọgbà ni ọmọ ọdún àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ máa gbé. Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ (sikọ́láṣípù) mìíràn ń san owó yàrá ọgbà, kì í san ti ìta. Níbòmíràn, ọdún àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n fi yàrá dáni lójú, ẹni tó bá sì jáde lè má rí ààyè mọ́. Bí wọ́n bá ní kí n yàn, inú ọgbà ni màá fi ọmọ sí lọ́dún àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni yóò ti mọ ènìyàn, ibẹ̀ ni yóò ti tètè gbọ́ ohun tó ń lọ. Ilé obìnrin tó dákẹ́ rọ́rọ́ á wúlò fún un láti ọdún kejì. Àwọn kan kò ní gbà pẹ̀lú mi, pàápàá àwọn tí ọmọ wọn kì í lè sùn bí ariwo bá wà.

Ti òfin ilé kò gùn: òbí ló sábà máa ń fẹ́ aago ìtìlẹ̀kùn àti ìkàléèwọ̀ àlejò, ọmọ ló sì máa bá a gbé. Kí òun fúnra rẹ̀ ka òfin náà kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọ ló ni ilé, kí ó béèrè bóyá dandan ni àdúrà.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n ọ̀sán ni wọ́n máa ń fi ilé han ènìyàn, pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ rí owó yín gbà. Ẹ tún padà lọ ní alẹ́. Ẹ ṣí omi, ẹ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, ẹ gbọ́ bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Ẹ bá ọmọ kan tó ń gbé ibẹ̀ sọ̀rọ̀ níbi tí alámòójútó kò sí, kí ẹ bi í bóyá yóò tún gba yàrá níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ tí ọmọ bá gba kọ́kọ́rọ́, kó má ì tú ẹrù. Kí ó ya fọ́tò ògiri, ilẹ̀, bẹ́ẹ̀dì, fèrèsé àti ilé ìwẹ̀, pàápàá ibi tó ti là tàbí tó ti ṣá, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ilé lọ́jọ́ náà gan-an, kí déètì wà lórí rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ nínú owó ìdógò lópin ọdún, fọ́tò yẹn ni yóò fi dá wọn lóhùn.