Bí Mo Ṣe Ń Ṣọ́ Ẹ̀dọ̀ Ajá Mi

Ẹ̀dọ̀ kì í tètè ké. Ó lè ti bàjẹ́ jìnnà kí ajá tó fi hàn, torí apá tó kù a máa ṣe iṣẹ́ èyí tó ti kú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi í dúró de ibà pọ́njú kí n tó fura sí Jàǹdùkú, ajá mi. Ṣé ó fi oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀? Ṣé ó ń bì lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Ṣé omi tó ń mu ti ń pọ̀ sí i? Ajá kílò 10 tó ń mu ju lítà 1 lọ lóòjọ́ ti kọjá ààlà.

Ẹ má fi iná ilé wo àwọ̀ ara rẹ̀, iná a máa tan ojú jẹ. Ẹ mú un síta lọ́sàn-án, ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè, kí ẹ wo erìgì, funfun ojú àti inú etí, bóyá wọ́n ti di àwọ̀ ìyeyè. Bí erìgì ajá yín bá dúdú, etí ni kí ẹ gbójú lé. Ìtọ̀ tó pọ́n bí tíì tí kò ní mílíìkì, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajá tó jẹun tán tó wá ń pòyì, tàbí tó ń forí ti ògiri: májèlé tí ẹ̀dọ̀ kò lè sẹ́ mọ́ ti dé ọpọlọ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n nìkan kò tó: omi lè máa kún ikùn, kí ẹran ẹ̀yìn máa jó, kí kílò dúró lójú kan. Mo ń fi téèpù yí ikùn rẹ̀ ká lẹ́yìn egungun ìhà tó kẹ́yìn, mo sì ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

Ẹ tọ́jú gbogbo èsì ẹ̀jẹ̀. Oògùn steroid àti phenobarbital tí wọ́n ń fún ajá oníwárápá lè gbé ALP, èròjà kan tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe wà, sókè. ALT, èyí tó máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀dọ̀ bá fara pa, tó bá wálẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tíì yọ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti gbó tán, kò sí ohun púpọ̀ tí yóò jò sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Èmi a máa béèrè albumin (purotéènì tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe) àti bilirubin (èròjà tó ń fa ibà pọ́njú), àti àyẹ̀wò bile acid (èròjà inú òróòro) tí wọ́n ń ṣe ṣáájú oúnjẹ àti wákàtí 2 lẹ́yìn rẹ̀.

Parasitamó, ṣúgà xylitol tó wà nínú ṣingọ́ọ̀mù kan, àgbàdo tàbí ẹ̀pà tó ti hu: kò gbọdọ̀ kàn án lẹ́nu. Ẹ má sì dá ẹran dín kù nínú oúnjẹ rẹ̀ láìbi dókítà. Ọ̀pọ̀ ajá tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu ló nílò rẹ̀.