Má Dúró Kí Epo Ọkọ̀ Tán Kí O Tó Ra Òmíràn

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, inú táǹkì ni pọ́ǹpù epo wà. Epo tó bò ó mọ́lẹ̀ ló ń mú un tutù. Bí epo bá lọ sílẹ̀ jù, pọ́ǹpù á máa gbóná, á sì tètè bàjẹ́. Owó pọ́ǹpù tuntun sì ju ti epo tí o ń ṣọ́ lọ fíìfíì.

Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tàbí kọ́nà, epo díẹ̀ tó kù á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pọ́ǹpù á fa atẹ́gùn, ẹ́ńjìnnì á máa ta kọ́sẹ̀kọ́sẹ̀. Èyí tó burú jù ni kí ọkọ̀ kú lórí eré, bíi lórí afárá Third Mainland: síárìn á le, bíréèkì náà á le lẹ́yìn tí o bá ti tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

Ra epo nígbà tí gééjì bá dé ìdámẹ́rin táǹkì. Bí iná ìkìlọ̀ bá ti tàn, pa ẹ́sì (ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀), rọra máa lọ, kí o sì yà sí ilé epo tó sún mọ́ jù.

Ó tán lójú ọ̀nà ńkọ́? Yà sí ẹ̀bá títì, gbé C-caution (àmì ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta) sẹ́yìn ọkọ̀. Bu lítà 5 sí 10 sí i. Yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, má tíì sítáàtì. Dúró díẹ̀, pa á, ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta kí epo lè dé iwájú. Sítáàtì rẹ̀ wàyí, má ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ti ọkọ̀ oní-dísù (diesel) le jù: ó sábà máa ń gba pé kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ tú atẹ́gùn inú páìpù jáde.