Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Wíwọn Bí Ẹran Ọ̀sìn Ṣe Ń Dín Ìṣẹ́ Kù Lábúlé

Ní abúlé kan ní ìhà Ìkòyí-Ilé, tí kò jìnnà púpọ̀ sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo tẹ̀lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gbé ìwé ìbéèrè lé lọ́wọ́ dé àgbàlá ìyá àgbà kan. Ó ka ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ ìdí igi máńgòrò, wọ́n jẹ́ méje, ó sì kọ méje sílẹ̀. Ó ti ń ṣí ojú ewé kejì kí n tó sọ fún un pé kí ó béèrè ẹni tí ó ni wọ́n. Ìyá rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, mẹ́rin nínú wọn, àgbàsìn ni. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà nígboro ló ni wọ́n.” Ọ̀kan nínú mẹ́ta tí ó kù, ọmọbìnrin rẹ̀ tí ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ni ó fi owó àjọ rẹ̀ rà á. Méjì péré ni ìyá náà lè fà lọ sọ́jà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí àwọn tí ń wọn àǹfààní ẹran ọ̀sìn máa ń ṣe, èyí ni mo kà sí èyí tí ó burú jù, nítorí pé òun ni gbogbo ìṣirò yòókù jókòó lé. Àgbàsìn kì í ṣe nǹkan tuntun nílẹ̀ wa: ẹni tí ó lówó lọ́wọ́ tí kò sì ní àyè ìsìn yóò fa abo ewúrẹ́ kan lé ará abúlé lọ́wọ́, wọn yóò sì fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa pín ọmọ tí ó bá bí, ṣùgbọ́n ìyá ẹran kò kúrò ní ti ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá ka ẹran àgbàsìn mọ́ ti olùsìn ti sọ aláìní di ọlọ́rọ̀ lórí ìwé, bí wọ́n bá sì tún béèrè lọ́wọ́ olówó ẹran nígboro, ẹran kan náà di kíkà lẹ́ẹ̀mejì. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń fi ṣáájú kí n tó kọ iye kankan: ta ló ni ẹran yìí, ta ló ń wá oúnjẹ fún un, bí wọ́n bá sì tà á, ọwọ́ ta ni owó yóò bọ́ sí?

Ó tún yẹ kí á kíyè sí ẹni tí à ń bi. Ó ti mọ́ àwọn awádìí lára pé baálé ni wọn yóò kọ́kọ́ kí, ẹnu rẹ̀ náà ni wọn yóò sì ti gba ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ní agbègbè yìí, adìẹ àti ewúrẹ́ ni àpò àwọn obìnrin, bàbá kì í sì í mọ̀ pé wọ́n ti ta ẹran kan àyàfi nígbà tí ó bá gbọ́ pé wọ́n ti san owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹ bi ìyá ní òun nìkan, níbi tí kò ti ní máa wojú ẹnikẹ́ni kí ó tó dáhùn.

Òṣùwọ̀n kan wà tí àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn fi ń so oríṣiríṣi ẹran pọ̀: wọ́n fi ẹran tí ó wọn kílò 250 ṣe òdiwọ̀n kan, wọ́n wá ka màálù sí 0.7, ewúrẹ́ tàbí àgùntàn sí 0.1, adìẹ sí 0.01. Ó wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ mọ iye koríko tí agbo ẹran yóò jẹ. Ìgbà tí ènìyàn bá sọ ọ́ di òṣùwọ̀n owó ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Lójú òṣùwọ̀n yìí, àgbò tí wọ́n bọ́ sanra de Iléyá àti ewúrẹ́ tí ó ń wúkọ́ lẹ́yìnkùlé, ọgbọọgba ni wọ́n.

Ẹ má sì ṣe fi pípọ̀ ẹran nìkan mọ ìlọsíwájú. Ìdílé kan ní ewúrẹ́ mẹ́jọ lọ́dún tó kọjá, mẹ́ta ló kù lọ́dún yìí. Ìwé yóò sọ pé wọ́n rẹ̀yìn. Ṣé kátà, àìsàn tí ń pa ewúrẹ́, ló pa márùn-ún ni, àbí wọ́n tà wọ́n láti fi páànù bo ilé? Ewúrẹ́ ni ibi ìpamọ́ owó fún ẹni tí báǹkì jìnnà sí. Bí àìsàn bá dé, tí wọ́n ta méjì kí wọ́n má baà yáwó elélèé tàbí kí wọ́n fi oko dúró, ẹran náà ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ sìn ín. Nítorí náà, ó yẹ kí á kọ bí ẹran kọ̀ọ̀kan ṣe kúrò nílé: èyí tí wọ́n tà, èyí tí wọ́n pa jẹ, èyí tí wọ́n fi ṣe ìsọmọlórúkọ, èyí tí wọ́n fi tọrẹ, èyí tí ó kú, èyí tí olè gbé. Èyí tí wọ́n pa jẹ ní iye owó tirẹ̀ bí kò tilẹ̀ dé ọjà. Ẹyin tí àwọn ọmọ jẹ nílé náà rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti owó, ọ̀pọ̀ ìwádìí a máa kọ iye tí wọ́n ta ẹran, wọn a sì pè é ní èrè. Nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí, èèpo ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ ewúrẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n máa ń kà á sí. Lóòótọ́, ọ̀fẹ́ ni fún ewúrẹ́ méjì. Bí wọ́n bá wá pín ewúrẹ́ fún ogójì ilé ní abúlé kan náà, ẹni tí ó ni èèpo yóò gbọ́n, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye lé e. Owó abẹ́rẹ́ àjẹsára kátà, irú èyí tí ilé ìwádìí ìṣègùn ẹran tí ó wà ní Vom, ní ìpínlẹ̀ Plateau, ń ṣe, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí àjọ tí ó pín ẹran ló ń san án títí iṣẹ́ fi parí, ẹ béèrè ẹni tí yóò máa san án lẹ́yìn náà. Àsìkò ènìyàn tún wà níbẹ̀. Ní Uttar Pradesh ní Íńdíà, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ṣírò èrè orí màálù àti ẹfọ̀n. Nígbà tí wọ́n ka àsìkò àwọn tí ń tọ́jú wọn bí iṣẹ́ tí à ń gbowó ọ̀yà lé lórí, èrè ọ̀pọ̀ nínú wọn di àdánù.

Náírà fúnra rẹ̀ kò dúró sójú kan. Àjọ NBS tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀ kéde pé ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ọjà ti fi 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti oṣù kan náà ní 2023 lọ. Ẹni tí ó rí 100,000 náírà ní 2023 ní láti rí nǹkan bíi 134,800 kí á tó lè sọ pé kò rẹ̀yìn. Ọjọ́ tí a lọ béèrè náà ní ohun tirẹ̀. Iléyá bọ́ sí ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ní 2023, ó sì bọ́ sí ọjọ́ 6 oṣù náà ní 2025. Ẹni tí ó bá béèrè owó tí wọ́n rí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, tí ó lọ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà lọ́dún méjèèjì, yóò bá wọn lẹ́ẹ̀kíní nígbà tí ọjà àgbò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná, yóò sì bá wọn lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí wọ́n ti tà á tán. Yóò wá kọ ọ́ sí ìròyìn pé iṣẹ́ àkànṣe tí ó pín ẹran fún wọn so èso.

Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fò sí pé àwọn ènìyàn ti jáde kúrò nínú ìṣẹ́. Nínú ìwádìí NBS ti 2019, ààlà ìṣẹ́ jẹ́ 137,430 náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́dún, ohun tí ènìyàn ń ná àti ohun tí ó ń jẹ ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́. Fún ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà, ìyẹn jẹ́ 824,580. Bí ewúrẹ́ bá fi 60,000 kún owó tí ń wọlé fún irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan: ó lè mú kí ebi dínkù nílé kí wọ́n má sì tíì kọjá ààlà. Ẹni tí ó bá ka kìkì àwọn tí ó kọjá ààlà kò ní rí i rárá. Ewúrẹ́ sì ń lóyún fún bí oṣù márùn-ún. Ìwádìí tí ó parí láàárín ọdún kan kò tíì bá ọmọ ọmọ rẹ̀.

Mo ti bá iṣẹ́ àkànṣe kan lọ rí, tí n kò ní dárúkọ, tí àwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún adìẹ jẹ́ kìkì àwọn tí ó ti ní ilé adìẹ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a padà dé lẹ́yìn tí lùkúlùkú, àìsàn tí ń pa adìẹ, ti jà, àwọn tí adìẹ wọn kú tán ni wọ́n kọ “kò sí nílé” sí iwájú orúkọ wọn, àwọn tí ó ṣẹ́kù ni wọ́n sì fi ṣe ìṣirò. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015 lórí pípín ẹran àti ìrànlọ́wọ́ mìíràn fún aláìní ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, tí Gánà àti Honduras wà lára wọn, gègé ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò gba ìrànlọ́wọ́ àti ẹni tí kò ní gbà, wọ́n sì wá àwọn méjèèjì lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe lè sọ ní gbangba pé adìẹ tí wọ́n pín ní Honduras, àìsàn pa ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, àti pé dúkìá àwọn ará ibẹ̀ kò pọ̀ sí i bíi ti àwọn yòókù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ti Ìkòyí-Ilé náà gbìyànjú. Ó fa ìlà pa méje, ó kọ méjì, ṣùgbọ́n ìwé kò ní àyè fún àgbàsìn, nítorí náà ó ṣàlàyé rẹ̀ sí etí ìwé. Nígbà tí wọ́n kó ìwé dé ọ́fíìsì, ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kò rí ibi tí yóò fi àlàyé náà sí, ó ro ó pé ọmọ náà ṣèèṣì ni, ó sì tẹ méje.