Bí a ṣe gun Òkè Ìdànrè lọ wo ààfin Ọ̀wá

Bí àlejò bá wá bá mi l'Ákùúrẹ́ tó ní òun fẹ́ rí ilé ọba àtijọ́, Ìdànrè ni mo máa ń mú un lọ. Kò jìnnà rárá. Lọ́jọ́ Sátidé tí mo ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé n'Íbàdàn àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin la jọ lọ.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí a fi jáde nílé. Ẹ má fi èyí ṣeré o. Àpáta ni gbogbo òkè yẹn. Bí oòrùn bá ti mú, bí ooru ṣe ń ti òkè bọ̀ ni yóò máa ti ìsàlẹ̀ bọ̀. A sanwó ìwọlé, a ra omi, a mú amọ̀nà kan, ó di orí àtẹ̀gùn.

Àtẹ̀gùn ọ̀hún lé ní 600. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi márùn-ún sójú ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi ò sì fo ọ̀kan. Ní ìkẹta, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ṣé ibí làwọn ará ìjọ́sí ń gbà ru iṣu gòkè?" Amọ̀nà dáhùn pé, "Màmá, ti iṣu tiẹ̀ kéré. Òpó ààfin gan-an, èèyàn ló gbé e dókè." Ẹ̀gbọ́n mi ò ráhùn mọ́.

Ìlú odidi ló wà lókè yẹn. Ibẹ̀ làwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní 1923, tí wọ́n wá wà ní Odòde, Aládé àti Atòsìn báyìí. Mo bi amọ̀nà pé kí ló lé wọn sọ̀kalẹ̀. Ó ní ogun ló gbé wọn gòkè, ogun sì ti tán. Ta ni yóò tún máa ru kòkó àti omi gun àpáta nígbà tí mọ́tò ti dé ìsàlẹ̀?

Ààfin Ọ̀wá, ọba Ìdànrè, lohun tí mo tìtorí ẹ̀ lọ, ibẹ̀ náà la sì ti pẹ́ jù. Ògiri amọ̀ ni, ó nípọn débi pé bí èèyàn bá wọ inú rẹ̀, ara á kọ́kọ́ tutù ná. Àgbàlá wà láàárín, yàrá yí i ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú yàrá, òpó igi sì ló gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró. Mo fọwọ́ pa ọ̀kan: ojú irin tí agbẹ́gi fi gbẹ́ ẹ ṣì wà lára rẹ̀, ó rí gbágungbàgun lábẹ́ ìka. Bí ilé ọba yòókù nílẹ̀ Yorùbá, wọn ò kọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni lè dédé já síwájú kábíyèsí. Ẹ ó ti kọjá lójú èèyàn púpọ̀ kí ẹ tó rí i. Òjò ni ọ̀tá irú ilé yìí. Bí páànù bá ti ń jò, amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ nìyẹn.

Àánú ibẹ̀ ṣe mí, nítorí ọ̀pọ̀ tó gòkè lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn yọjú sí i, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n kọjá. Láti 2007 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ Òkè Ìdànrè sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, pé kí wọ́n lè kà á mọ́ ogún àgbáyé. Ilé ẹjọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1906 náà wà níbẹ̀, ó kéré. Mo ń rò ó bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ yóò ṣe gun òkè kó tó wá máa rojọ́.

Ẹsẹ̀ Agboogun ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn jù. Ojú ẹsẹ̀ kan ni lórí àpáta; wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá a mu, àfi tàjẹ́. Ọmọ ti tirẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní ó ṣe wẹ́kú. Wọ́n ní kí ìyá rẹ̀ náà gbìyànjú. Ó ní òun ò bọ́ bàtà fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, a yà síbi tí wọ́n ti ń sá kòkó. Ọkùnrin tó ni ín fi èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jọ hàn wá lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó máa ń lo bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà níbẹ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sóòrùn. Bí wọ́n bá kánjú sá a, kò ní ta sánsán.

Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ la ti rí ẹmu rà. Ẹmu ò retí kí ẹnikẹ́ni fi ìwúkàrà sí i. Bó ṣe ń kán sínú agbè ló ti ń ho, bí yóò bá sì fi di ìrọ̀lẹ́, adùn rẹ̀ á ti ń lọ, á máa kan. Ẹ̀gbọ́n mi ra kẹ́ẹ̀gì kan, ó ní ó di Ìbàdàn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká mu ún l'Ákùúrẹ́." Ó ní rárá, ọkọ òun ló ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dé e pinpin. Adẹ́mu ló sáré dá a dúró pé yóò bú mọ́ ọn lára nínú mọ́tò. A dẹ ìdérí rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi há a sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, dírẹ́bà sì ti ń pariwo pé òórùn ẹmu yẹn, èrò mìíràn ò ní wọlé.