Ẹ má torí oyè orí káàdì sanwó ilẹ̀

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń wá ilé tàbí ilẹ̀ l'Ékòó ni pé tí wọ́n bá ti rí lẹ́tà mẹ́ta lára orúkọ alágbàtà, ọkàn wọn á balẹ̀, wọ́n á sì tọwọ́ bàpò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ta ló fi í joyè.

Ẹ wo "realtor", oyè tí àwọn alágbàtà ilé àti ilẹ̀ ń pe ara wọn. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ National Association of Realtors nìkan ló ní ẹ̀tọ́ sí i. Láísẹ́ǹsì ìpínlẹ̀ nìkan ò tó. Lọ́dọ̀ wa, gbogbo ẹni tó ń bá wọn ta ilẹ̀ gba kọmíṣọ̀n ló ń kọ ọ́ sí Instagram. Ìyẹn ò sọ wọ́n di olè o, àmọ́ oyè náà ò sọ fún yín pé wọ́n ṣe ìdánwò kankan. Bákan náà ni ìwé-ẹ̀rí ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì lórí Zoom rí.

Ti ESV, ìyẹn oyè estate surveyor and valuer, yàtọ̀. Òfin ọdún 1975 ló dá ESVARBON sílẹ̀, àjọ tó ń forúkọ àwọn estate surveyor sílẹ̀, tó sì lágbára láti yọ orúkọ ẹni tó bá hùwà ìbàjẹ́. Ẹni tó kàwé, tó ṣe ìdánwò, tó tún ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá kó tó débẹ̀ ní ohun tó lè pàdánù tó bá rẹ́ yín jẹ. Ibẹ̀ gan-an ni iyì oyè wà.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè tẹ "ESV" sórí káàdì. Ẹ gba orúkọ rẹ̀ ní kíkún, kẹ́ ẹ wá a nínú àkọsílẹ̀ ESVARBON. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pe ọ́fíìsì rẹ̀, nọ́ńbà tẹ́ ẹ fúnra yín wá rí ni kẹ́ ẹ pè, kì í ṣe ti ara káàdì. Ẹ má sì jẹ́ kí orúkọ ọ̀gá tó wà lára pátákó ọ́fíìsì tàn yín: ọmọkùnrin tó ń mú yín wolé káàkiri lè má forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Ẹ bi í léèrè ẹni tó máa fọwọ́ sí rìsíìtì.

Àṣìṣe mìíràn tó ń dunni ni kí èèyàn gbé iṣẹ́ ẹnì kan fún ẹlòmíì. Estate surveyor ló ń díye lé ilé, tó ń bójú tó o, tó sì ń bá èèyàn tà á. Kì í ṣe òun ló ń wọn ilẹ̀. Iṣẹ́ surveyor tí SURCON, àjọ àwọn tó ń wọn ilẹ̀, forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, òun ló ń ya ìwé sọ̀fé. Kò sì sí oyè alágbàtà tó lè rọ́pò lọ́yà tó máa lọ yẹ ìwé ilẹ̀ wò ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní Alausa. Títí lọ́yà yín á fi débẹ̀ bọ̀, ẹ má san kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀ náà, ì báà jẹ́ owó "ẹ bá mi dì í mú".