Ṣúgà wọ́n, mo bá yíjú sí kajú: bí mo ṣe ń fọ omi ẹja mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Owó ṣúgà ló bí iṣẹ́ yìí. Ẹja àrọ̀ ni mò ń sìn, omi kan náà ló sì ń yí ká àwọn táǹkì mi kí n tó da díẹ̀ nù nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ ẹja a máa di amóníà, kòkòrò àìfojúrí tó ń mí ọ́síjìn á sọ ọ́ di náítíréètì. Kí náítíréètì náà tó lè di náítírójìn lásán, èyí tó kún inú afẹ́fẹ́ tí à ń mí, àwọn kòkòrò mìíràn ló máa ṣe é, níbi tí ọ́síjìn ò sí. Wọn ò sì ní ṣe é lébi. Lókè òkun, methanol, irú ọtí olóró kan, ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìfọmi ń rà fún wọn láti jẹ. Ṣúgà lèmi ń rà, àfi bí náírà ṣe já wálẹ̀ lọ́dún 2023 tí owó ṣúgà ń lé owó oúnjẹ ẹja bá.

Wọ́n ní kí n kàn da omi náà sí gọ́tà. Kànga àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní náítíréètì ò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 50 lọ nínú lítà omi mímu kan, torí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìkókó gbé ọ́síjìn bó ṣe yẹ. Ọmọ ìkókó wà nílé tó tẹ̀ lé tèmi.

Kajú ló gbà mí. Kóró nìkan ni wọ́n ń tà níbí, èso rẹ̀ á máa rà sílẹ̀ lábẹ́ igi. Ìyá kan tó ní oko lẹ́yìn ìlú ní, "Máa kó o lọ, ọmọ mi, bá mi lé eṣinṣin." Mo fún un, mo sẹ́ ẹ, mo dé e mọ́ inú dúróòmù títí ó fi kan. Kíkan yẹn gan-an ni oúnjẹ tí àwọn kòkòrò náà fẹ́ràn.

Síbẹ̀, náítíréètì ò lọ sílẹ̀. Pépà àyẹ̀wò ń pọ́n ni ṣáá. Púlọ́ńbà tó ṣe táǹkì tí àwọn kòkòrò náà ń gbé ní kajú ò lágbára, kí n padà sídìí ṣúgà. Mo ra ṣúgà, pépà ṣì pọ́n! Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kajú ò jẹ̀bi.

Páìpù ni. Ó gbé ẹnu rẹ̀ sókè, omi ń já ṣoroṣoro sínú táǹkì, ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Bí kòkòrò wọ̀nyí bá rí ọ́síjìn, kí ni wọ́n fẹ́ fi náítíréètì ṣe? Oúnjẹ tí mò ń dà sí i ń ṣòfò. Mo ní kí púlọ́ńbà ri ẹnu páìpù sínú omi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi tí kò bá dún, kò ṣiṣẹ́ nìyẹn." Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, ó wá nígbà tó wù ú, ó mú ẹ́líbò, ìgbọ̀nwọ́ páìpù, tí kò wọlé wá, ó sì tún gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lórí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Inú ń bí mi títí di òní.

Àmọ́ bó ṣe ri páìpù tán, pépà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ayọ̀ mi ò kéré! Láìmù (ẹfun) tí mò ń rà láti fi pa kíkan omi náà dín kù, torí iṣẹ́ kòkòrò yìí ń dá nǹkan bí ìdajì agbára tó ń pa kíkan omi padà, èyí tí àwọn kòkòrò àkọ́kọ́ tó ń sọ amóníà di náítíréètì jẹ.

Ẹ má fi ìfun ẹja tàbí ìgbẹ́ adìyẹ ṣe é, náítírójìn ló kún inú wọn. Bí táǹkì bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, oúnjẹ ti pọ̀ jù, ẹ dín in kù. Omi pákí pọ̀ nílùú wa, ṣùgbọ́n torí sáyánáìdì inú rẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Bí kajú bá tán, máńgòrò tó rà ni mo máa lò.