Àga àti ògiri ti tó o

Ẹ̀yin tèmi, ẹni tó bá ń sọ pé òun ò ráyè lọ jíìmù, àga kan tí kì í mì àti ògiri ti tó yín. Ẹ dúró síwájú àga, ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀, kẹ́ ẹ wá rọra máa jókòó, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ìdí yín tó kan àga, bó bá ti kàn án báyìí ẹ dìde padà, ẹ má fọwọ́ ti orúnkún o. Ibi tá a ti ń rọra lọ sílẹ̀ yẹn gan-an niṣẹ́ wà, ẹni tó bá kàn já lulẹ̀ gbì bí àpò sìmẹ́ńtì ò tíì ṣe nǹkan kan. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ sinmi bí ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀.

Púṣọ́ọ̀pù, ìyẹn ká gbé ọwọ́ méjèèjì lé nǹkan, ká tẹ apá kí àyà sún mọ́ ọn, ká tún fọwọ́ ti ara padà, ara ògiri ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá ṣe ń jìnnà sí ògiri ló ṣe máa ń le sí i. Èmi kánjú lọ ṣe é nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àṣejù lásán, èjìká fojú mi rí màbo.

Tó bá ti wá rọrùn jù, ẹ kó ìwé sínú báàgì kẹ́ ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ike omi lítà 1.5 náà wúwo tó kílò kan àtààbọ̀, ẹ lè máa fi gbé ọwọ́.

Yàtọ̀ sí irú eré tó ń fún iṣan lágbára yìí, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbà máa ṣe eré ìdárayá tó ń mú kí èémí yá díẹ̀, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, ẹ lè pín in sí díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ tí àyà bá ń dunni tàbí òòyì ń kọ́ni, ká dúró lójú ẹsẹ̀ ká lọ rí dókítà.